Láti Oko Odù dé Yunifásítì: Ìtàn Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀hìn. Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ìdí nìyí tí a fi rò ó pé ó yẹ kí a lo ojú ewé díẹ̀ nínú ìwé ọdọọdún yìí láti wo ẹ̀hìn, kí a sì sọ bí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà Ṣàgámù, ní Odògúnyàn, tí tèwe tàgbà mọ̀ sí Pólì, ṣe di Yunifásítì Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó. A ó sì sọ ti àwọn ará wa ní Ẹ̀pẹ́ mọ́ ọn, nítorí pé omi ọ̀sà kan náà ni àwa pẹ̀lú wọn jọ ń mu, ọ̀nà Ìtòkín kan náà ni a sì jọ ń rìn.

Ìbéèrè mẹ́ta ni a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ìlú bí ọ̀rọ̀ yunifásítì yìí bá délẹ̀. Èkíní ni pé, ta ni ó bí i? Èkejì ni pé, irú ìwà wo ni ó ní? Ẹ̀kẹta, èyí tí ó gbóná jù, ni pé, kí ni ó kan àwa onílùú nínú rẹ̀? Bí a ti ń lọ ni a ó máa dáhùn wọn.

KÍ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ GÍGA TÓ DÉ

Àwọn baba wa sọ fún wa pé oko ni Ìkòròdú kí ó tó di ìlú. Oko Odù ni wọ́n ń pè é, nítorí ẹ̀fọ́ odù tí ó pọ̀ níbẹ̀, àwọn tí ó sì tẹ̀ ẹ́ dó wá láti ìhà Rẹ́mọ. Ní ti Ẹ̀pẹ́, ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ọdẹ kan tí ń jẹ́ Uraka, tí ó ti Ilé-Ifẹ̀ wá, ni ó kọ́kọ́ dó síbẹ̀. Àgbẹ̀ àti apẹja ni àwọn baba wa, ṣùgbọ́n òwò ni ó sọ ìlú wọn di ńlá. Ìkòròdú ni èèbùtè tí ẹrù Rẹ́mọ ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. Ọjà Èjìnrìn ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ sì lókìkí yí gbogbo etí ọ̀sà ká. Nítorí ọ̀nà òwò yìí ni àwọn ọmọ-ogun Ẹ̀gbá fi dó ti Ìkòròdú ní ọdún 1865, títí Glover, tí ó ń ṣe àkóso Èkó nígbà náà, fi rán ọmọ-ogun wá lé wọn kúrò ní oṣù kẹta ọdún náà.

Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú ní ìtàn tirẹ̀ pẹ̀lú Èkó. Nígbà tí àwọn òyìnbó lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní òpin ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ forí lé. Níbẹ̀ ni ó wà tí ó fi bá Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àdéhùn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1854. Nígbà tí ó padà sí Èkó ní ọdún 1862, àdúgbò tí àwọn ènìyàn rẹ̀ dó sí ni a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ di orúkọ àdúgbò yìí mú, nítorí a ó tún padà kàn án nínú ìtàn yìí. Kí ó sì rántí ọdún 1862 náà pẹ̀lú.

Ìlú tí ó mọ òwò kì í pẹ́ kí ó tó mọ iyì ìwé. Ṣùgbọ́n ìwé gíga jìnnà sí wa. Yaba Higher College bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1932, a sì ṣí i pẹ̀lú ayẹyẹ ní 1934; yunifásítì ìlú Ìbàdàn dé ní 1948. Díẹ̀ ni àwọn ọmọ wa tí wọ́n lè dé irú ibẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìgbésẹ̀ tiwa nílé: Oriwu College dé ní ọdún 1949, ọmọ Ìkòròdú sì lè jókòó sí ìlú baba rẹ̀ kí ó ka ìwé gírámà. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwa àti Ẹ̀pẹ́ sì jẹ nínú rẹ̀, nítorí pé abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni àwọn ẹkùn wa wà nígbà náà, wọn kò sí lábẹ́ ìlú Èkó tí ó jẹ́ olú-ìlú ìjọba àpapọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbí, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni kò mọ èyí. Ní ọdún 1962, yunifásítì méjì dìde ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ti Èkó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ti Ifẹ̀ jẹ́ ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Nítorí náà, ti Ifẹ̀ ni ọmọ Ìkòròdú àti ọmọ Ẹ̀pẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé owó orí baba òun wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 1967, a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ìkẹjà, Badagry, Ìkòròdú, Èkó àti Ẹ̀pẹ́ di ọmọ ìyá kan náà. A jèrè ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n Ifẹ̀ dúró sí ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn. Láti ọjọ́ náà lọ títí di ọdún 1983, Ìpínlẹ̀ Èkó kò ní yunifásítì tí í ṣe tirẹ̀. Ọmọ tí ó jáde nílé baba rẹ̀ láìtíì kọ́ ilé tirẹ̀ ni ìpínlẹ̀ wa jẹ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí.

ỌDÚN 1977 ÀTI OKO TÍ Ó DI ILÉ-Ẹ̀KỌ́

Ní àwọn ọdún 1970, owó epo rọ̀bì wọlé sí Nàìjíríà bí òjò. Ìjọba ń kọ́ afárá, ó ń la títì, ó ń kọ́ ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tí yóò tún ẹ̀rọ ṣe, tí yóò wọn ilẹ̀, tí yóò sì mójú tó ìwé owó kò tó. Ọdún 1977 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tuntun jáde fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọdún kan náà, nígbà tí Ndubuisi Kanu jẹ́ gómìnà ológun, ni Ìpínlẹ̀ Èkó dá ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Lagos State College of Science and Technology ni a kọ́kọ́ pè é. Òfin tí ó gbé e dìde jáde ní ọdún 1978, ṣùgbọ́n a kà á sí pé láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1977 ni ó ti wà.

Ìsọlọ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ nípa òwò, ìṣirò owó àti iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ìlú ńlá ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, Ìsọlọ̀ kò lè gbà á, nítorí pé a kì í fi kọ̀ǹkéré gbin ẹ̀gẹ́. Ìkòròdú ni ilẹ̀ gbé wà, Ìkòròdú ni ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ náà sì forí lé. A fẹ́ kí gbogbo ọmọ ìlú fi èyí sọ́kàn: oko ni ó mú ilé-ẹ̀kọ́ gíga wá sí ọ̀dọ̀ wa, gẹ́gẹ́ bí oko ti mú àwọn baba wa wá síbẹ̀ ní ìgbà láéláé. Kì í ṣe pé ìjọba kàn fẹ́ ṣe wá lóore. Ohun tí a ní lọ́wọ́ ni wọ́n rí.

Ní ọdún 1986, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà yí padà sí Lagos State Polytechnic. Orúkọ yìí ni ó gbilẹ̀ lẹ́nu gbogbo wa. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn ẹ̀ka mìíràn ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ wá, títí ọgbà Ìkòròdú fi di orí, tí Ìsọlọ̀ tí ó ti jẹ́ ìyá rẹ̀ sì di ẹ̀ka. Àwọn ibi tí a ti ń kọ ebè tẹ́lẹ̀ di yàrá ìkàwé. Odògúnyàn, tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti wà, wá di ìlú akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú. Àwọn onílé kọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan, àwọn ìyá wa gbé ìkòkò ìrẹsì àti ẹ̀wà sí ẹnu ọ̀nà, àwọn ọlọ́kadà sì mọ wákàtí tí ìdánwò ń parí ju àwọn olùkọ́ lọ. Títí di òní yìí, bí awakọ̀ láti gáréèjì Ìkòròdú bá ké pé "Yunifásítì," àwọn èrò a máa wo ara wọn lójú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ké pé "Pólì, Fọ́ọ̀sì Géètì," gbogbo wọn a mọ ibi tí ó ń lọ.

Ẹ̀YÌN ARÁ WA NÍ Ẹ̀PẸ́

Kí a tó dé orí ọdún 2022, ẹ jẹ́ kí a gba ọ̀nà Ìtòkín lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọmọ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó kan, tí a bí ní ọdún 1929, di gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 1979. Alhaji Lateef Jakande ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ó dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1983, tí ó fi olú rẹ̀ sí Ọ̀jọ́. Yunifásítì yìí ni ó wá fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Báyìí ni ìtàn yí po: àwọn tí Ẹ̀pẹ́ gbà lálejò ní 1851 padà lọ dó sí Èkó, ọmọ tí a bí ní àdúgbò wọn sì ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ tí ó fi ìmọ̀ san oore fún Ẹ̀pẹ́. Oore kì í gbé.

Ẹ̀pẹ́ tún ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Noforíjà, tí a dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, tí a sì wá fi orúkọ Sir Michael Otedola pè. Ọmọ Odòragunṣin ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ ni Otedola, a bí i ní 1926. Oníwèé-ìròyìn ni, ó sì ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láti oṣù kìíní ọdún 1992 títí di oṣù kọkànlá ọdún 1993. Kí ó tó di gómìnà ni ó ti dá ètò ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ agbègbè Ẹ̀pẹ́ tí òbí wọn kò ní owó láti rán wọn lọ sí yunifásítì. Ó kú ní ọdún 2014.

Ní ìhà kejì ìpínlẹ̀ wa, ní Ìjànikin lọ́nà Badagry, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ mìíràn wà tí ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1958. Orúkọ ọmọ Ìkòròdú ni a fi pe èyí: Ọmọọba Adeniran Ogunsanya, agbẹjọ́rò tí a bí ní 1918, tí ó ṣe mínísítà ìjọba àpapọ̀ nígbà ìjọba alágbádá àkọ́kọ́, tí ó sì jáde láyé ní 1996. Ẹ ò rí i pé nǹkan ńlá ni? Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ méjì, ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ ọmọ Ìkòròdú, èkejì ń jẹ́ orúkọ ọmọ Ẹ̀pẹ́.

ỌDÚN 2022

Ní oṣù kejì ọdún 2022, Gómìnà Babajide Sanwo-Olu fọwọ́ sí òfin tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ wa ṣe, yunifásítì méjì tuntun sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Èkíní ni Pólì wa, tí ó di Yunifásítì Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀-Ẹ̀rọ. Èkejì ni Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí a fi ilé-ẹ̀kọ́ Ogunsanya àti ilé-ẹ̀kọ́ Otedola papọ̀ ṣe, tí ó ní ọgbà ní Ìjànikin àti ní Noforíjà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olumuyiwa Odusanya, dókítà tí ó kọ́ṣẹ́ ìlera àwùjọ, ni ó di Gíwá àkọ́kọ́ ní Ìkòròdú. Obìnrin ni Gíwá àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ẹ̀kọ́: Ọ̀jọ̀gbọ́n Bidemi Bilkis Lafiaji-Okuneye. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ pé ilé ìdáná ni ìwé obìnrin parí sí, kí ó mú un lọ sí Noforíjà.

Inú wa dùn, a sì jó. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò gbọdọ̀ ṣòro fún ẹgbẹ́ bíi tiwa láti sọ. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì di ọ̀kan, orúkọ ìpínlẹ̀ ni yunifásítì tuntun náà ń jẹ́. A kò bá ìjọba jà nítorí èyí; orúkọ ìpínlẹ̀ tọ́ sí ohun tí gbogbo ìpínlẹ̀ jọ ní. Ohun tí ó kàn wá ni pé orúkọ tí kò bá sí lára pátákó mọ́, ẹnu àwọn ènìyàn nìkan ni ó lè gbé e. Bí àwa tí a ni Ogunsanya kò bá sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa, tí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ kò sì sọ ti Otedola, ìran kan péré ni yóò fi parẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilẹ̀ òkèèrè mọ̀ pé irú ìyípadà yìí kì í ṣe tuntun láyé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1992 ni ó sọ àwọn pólì di yunifásítì. Ẹni tí ó bá ka ìwé ní Polytechnic of North London ṣáájú ìgbà náà rí i tí ó di University of North London ní 1992, tí ó sì tún darapọ̀ mọ́ òmíràn di London Metropolitan University ní 2002. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1862 ni ìjọba wọn ṣe òfin tí ó fi ilẹ̀ ta ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́rẹ, kí wọ́n lè fi owó rẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí yóò máa kọ́ni níṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀. Ọdún náà gan-an ni Kòsọ́kọ́ kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yunifásítì ńlá Amẹ́ríkà tí àwọn ọmọ wa ń du láti wọ̀ lónìí, láti inú òfin àgbẹ̀ yẹn ni wọ́n ti jáde. Ẹni tí ó bá ń fi ojú àbùkù wo Ìkòròdú pé oko ni yunifásítì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí ó mọ̀ pé inú oko ni àwọn tí ó ń wárí fún ti wá pẹ̀lú.

ÌWÀ YUNIFÁSÍTÌ NÁÀ

Wàyí o, ìbéèrè kejì. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin Pólì àti yunifásítì? Àwọn kan rò pé pátákó ẹnu ọ̀nà nìkan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pólì ń kọ́ni ní iṣẹ́ ṣíṣe. Ó ń fúnni ní ND àti HND. Yunifásítì ń fúnni ní oyè dìgírì, a sì retí pé kí ó wádìí ohun tí ẹnìkan kò tíì mọ̀, kí olùkọ́ rẹ̀ má ṣe jẹ́ ẹni tí ń ka ìwé ẹlòmíràn sétí ọmọ lásán, bí kò ṣe ẹni tí òun pẹ̀lú ń wá ìmọ̀ tuntun. Ìdí nìyí tí a fi ń béèrè oyè ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́ olùkọ́ yunifásítì.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tí ó gba HND fi jìyà ìfojútẹ́ńbẹ́lú. Ní ọ́fíìsì ìjọba, ẹni tí ó ní dìgírì a gun òkè, ẹni tí ó ní HND a kan àjà, bí iṣẹ́ ọwọ́ wọn tilẹ̀ dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ọ̀rọ̀ yìí dùn dé egungun. Nítorí náà, a kò lè dá àwọn tí ó yọ̀ ní 2022 lẹ́bi. Síbẹ̀, ewu kan wà tí a fẹ́ fi ìka tọ́. Bí gbogbo Pólì bá di yunifásítì, tí gbogbo ọmọ sì ń wá dìgírì, ta ni yóò tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe? Ta ni yóò wọn ilẹ̀? Ta ni yóò mójú tó ẹ̀rọ amúnáwá ní àwọn ilé-iṣẹ́ Odògúnyàn? Bí yunifásítì wa bá ju irinṣẹ́ nù kí ó lè gbé ìwé, ó ti sọ ogún baba rẹ̀ nù. Ìwà tí a bí i mọ́ ni iṣẹ́ ọwọ́. Kí ó fi ìwádìí kún un, kí ó má fi ìwádìí rọ́pò rẹ̀.

Ìwà rẹ̀ kejì ni ibi tí ó wà. Kì í ṣe àárín ìlú Èkó ni, kì í sì í ṣe inú igbó. Ẹnu ibi tí ìlú àti oko ti pàdé ni ó dúró sí. Ilé-iṣẹ́ wà lọ́tùn-ún rẹ̀, oko ẹ̀gẹ́ wà lósì, ọ̀sà wà níwájú. Ní Ìmọ́tà, tí kò jìnnà síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìrẹsì ìjọba ìpínlẹ̀ ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023. Ẹ̀rọ rẹ̀ lágbára láti lọ ìrẹsì tọ́ọ̀nù méjìlélọ́gbọ̀n ní wákàtí kan. Ẹ̀rọ tí ó tó báyìí yóò fẹ́ ìrẹsì púpọ̀ láti jẹ. Irúgbìn wo ni yóò hù dáradára ní àbàtà etí ọ̀sà wa? Báwo ni a ṣe lè mú kí ẹ̀gẹ́ má jẹrà kí ó tó dé ọjà? Kí ni yíyọ yanrìn nínú ọ̀sà ń ṣe sí ẹja tí àwọn ará Ìjẹ̀dẹ̀, Bàyékù àti Ẹ̀pẹ́ ń pa? Kò sí yunifásítì kankan ní Lọ́ńdọ́nù tàbí Boston tí yóò bá wa wá ìdáhùn sí ìwọ̀nyí. Ti wa ni, àwa ni ó yẹ kí ó dá lóhùn. Bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó wà ní Ìkòròdú àti àwọn tí ó wà ní Ẹ̀pẹ́ bá fi orí kan orí lórí ọ̀rọ̀ ọ̀sà nìkan, orúkọ wọn yóò kọjá òkun.

Ẹ̀TỌ́ WA ÀTI OJÚṢE WA

Ìbéèrè kẹta ni ó kù. Ta ni ó ni yunifásítì yìí? Ìpínlẹ̀ Èkó ni ó ni ín, lọ́dọ̀ òfin. Ọmọ Badagry ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀ bí ọmọ Ìkòròdú. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kọ́ ọjà sí iwájú ilé rẹ̀, tí kò ní nǹkan títà, ariwo ọjà nìkan ni yóò jẹ́ ìpín rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a béèrè lọ́wọ́ ara wa: nínú àwọn tí ń wọ ẹnu géètì náà lójoojúmọ́, mélòó ni ọmọ wa? Mélòó ni ó ń wọlé láti kàwé, mélòó ni ó sì wà níta tí ó ń fi ọ̀kadà gbé ọmọ ẹlòmíràn lọ sí kíláàsì? A kò kẹ́gàn iṣẹ́ ọ̀kadà. Iṣẹ́ tí ó bọ́ni kì í ṣe ìtìjú. Ohun tí ó ń dùn wá ni ọmọ tí ó ní orí ìwé tí ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yunifásítì, tí kò rí ẹni tí yóò fà á lọ́wọ́ wọlé.

Nítorí náà, a fi ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí síwájú ẹgbẹ́ àti gbogbo ọmọ ìlú.

Èkíní: kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa kọ̀ọ̀kan gba ọmọ méjì tàbí mẹ́ta lọ́dún, kí ó sanwó fún olùkọ́ tí yóò kọ́ wọn ní ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísírì kí wọ́n tó jókòó ìdánwò JAMB. Yunifásítì sáyẹ́ǹsì ni a ní. Ọmọ tí kò mọ sáyẹ́ǹsì yóò máa wò ó láti òkèèrè ni. Otedola ti fi hàn wá pé ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ẹnìkan lè gbé odidi agbègbè.

Èkejì: kí a sọ fún àwọn òbí pé òfin ìyáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti wà láti oṣù kẹrin ọdún 2024, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń fi yá ọmọ lówó láìgba èlé. Àìmọ̀ kò gbọdọ̀ mú ọmọ tálákà jókòó sílé.

Ẹ̀kẹta: kí àwọn onílé wa bẹ̀rù Ọlọ́run. Ọmọ tí ó ti ìlú mìíràn wá gba yàrá lọ́wọ́ wa kì í ṣe ẹran tí a fẹ́ bó láwọ. Alejò ni Kòsọ́kọ́ ní Ẹ̀pẹ́, alejò ni àwọn tí ó kọ́kọ́ gbin odù sí Ìkòròdú. Bí a bá ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ọmọ, bí wọ́n bá di ẹni ńlá lọ́la, orúkọ wa ni wọn yóò máa fi ire pè.

Ẹ̀kẹrin: kí a má ta gbogbo ilẹ̀ oko tán. Oko ni ó mú yunifásítì wá. Bí kò bá sí oko mọ́ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ yóò di ẹ̀kọ́ inú ìwé. Àwọn mọ̀lẹ́bí tí wọ́n ń pín ilẹ̀ ní pílọ́ọ̀tì pílọ́ọ̀tì, kí wọ́n rántí pé ẹni tí ó ta oko baba rẹ̀, owó rẹ̀ ni yóò ná tán. Oko kò ní padà.

Ẹ̀karùn-ún: ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ́nù, ní Amẹ́ríkà, ní Jámánì àti níbi gbogbo, a mọ̀ pé ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sílé, a sì dúpẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìmọ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú. Oṣù kan péré tí ọ̀kan nínú yín bá fi jókòó ní yàrá ìwádìí ní Odògúnyàn tàbí ní Ẹ̀pẹ́, tí ó fi han àwọn ọ̀dọ́ bí a ti ń ṣe é níbi tí ó wà, ó lè ju owó tí ó ti fi ránṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá lọ.

ÌPARÍ

A ti rí i pé kì í ṣe ọjọ́ kan ni a bí yunifásítì yìí. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1977 yí orúkọ padà ní 1986, ó sì tún yí i padà ní 2022. Ọdún márùndínláàádọ́ta ni ó fi rìn kí ó tó gba oyè. Ẹni tí ó bá rí i lónìí tí ó sọ pé kò tíì dàbí Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀, òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ti wà láti 1948, ọmọdé kì í sì í ní aṣọ tó àgbà kí ó má tún dàgbà. Ohun tí yóò pinnu bí yóò ti dàgbà tó kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ bá ṣe ni, owó tí ìjọba bá fi tọ́ ọ ni, àti bí àwa tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà wa bá ṣe gbà á: bóyá bí ọmọ tí a bí, tàbí bí ayálégbé tí a ń retí owó rẹ̀ ní ìparí ọdún.

Àwọn baba wa gbin odù, wọ́n jẹ ẹ́, ìlú sì hù jáde láti inú oko náà. Àwa ti rí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó hù láti inú oko kan náà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìran tí ń bọ̀ sọ nípa wa pé a rí i nígbà tí ó hù, a kò sì bomi rin ín.

Kí Ìkòròdú pẹ́, kí Ẹ̀pẹ́ pẹ́, kí ẹgbẹ́ wa má ṣe túká. Àṣẹ.